Ilé Tí Kò Lọ́nà: Ìjíhìn Ọdọọdún ti Ìlú Èkó àti Owó Ẹgbẹ́ Wa

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ ní ìpàdé àpapọ̀ àwọn ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ ní Bàbáńlá. A tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín nítorí àwọn tí kò lè wá.

Ogún ìṣẹ́jú ni akọ̀wé wa fún mi. Ó mọ̀ mí, ó mọ̀ pé n ó lò jù bẹ́ẹ̀ lọ, ìdí nìyẹn tí ó fi fi ọ̀rọ̀ mi síwájú oúnjẹ, kí ebi lè bá a dá mi lẹ́kun.

Ẹ rántí pé ní ìpàdé wa tó kọjá, àbá kan wá síwájú ilé. Àbá náà ni pé kí a yọ lára owó tó wà nílẹ̀, kí a fi ra ilẹ̀ lẹ́bàá Èkó, ní apá ti Ògùn, kí a sì pín in ní pulọ́ọ̀tì fún àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tí ọmọ wọn ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Ẹni tó mú àbá náà wá sọ pé ọkọ̀ ojú irin ti dé Àgbádó, pé láìpẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ yóò di góòlù. Ọ̀pọ̀ nínú wa pàtẹ́wọ́. Èmi kò pàtẹ́wọ́. Kì í ṣe pé mo kórìíra ẹnikẹ́ni. Ohun kan tó ṣe mí ní ọdún 1983 ni mo rántí.

Àwọn àgbà tó wà níhìn-ín mọ Alhaji Lateef Jakande, ẹni tó di olóògbé ní 2021. Òun ni gómìnà Èkó láti 1 October 1979 títí àwọn ológun fi gba ìjọba ní 31 December 1983. Ọdún mẹ́rin àti oṣù mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀. Láàárín ìgbà náà ó kọ́ ilé tó lé ní 20,000 fún mẹ̀kúnnù, ní Ìsọlọ̀, ní Ìjàyè, ní Àmúwo-Ọ̀dọ̀fin, ní Abẹ́sàn, ní Ìbà àti ní ibòmíràn. Títí di òní olónìí, bí ènìyàn bá sọ ní Èkó pé Jakande ni òun ń gbé, wọn á bi í pé, Jakande èwo? Ilé náà kò lẹ́wà púpọ̀, ṣùgbọ́n akọ̀wé wọ inú rẹ̀, tísà wọ inú rẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí ọkùnrin náà yàtọ̀ lójú mi ni pé ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ilé àti ọ̀rọ̀ ọkọ̀, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Bí ó ti ń kọ́ ilé sí ìpẹ̀kun ìlú, bẹ́ẹ̀ náà ló ń wá ọkọ̀ ojú irin tí yóò máa gbé àwọn onílé náà lọ síbi iṣẹ́. Metroline ni wọ́n pè é. Nǹkan bí kìlómítà 28 ni, tí yóò ti Marina lọ sí apá Agége, wọ́n sì fi iṣẹ́ náà lọ́lẹ̀ ní 1983.

Akọ̀wé kékeré ni mí nígbà náà ní ilé iṣẹ́ kan ní Marina. Yàrá kan ni a háyà ní Mushin, èmi, ìyàwó mi àti ọmọ méjì. Mo gbọ́ lórí rédíò pé rélùwéè tuntun ń bọ̀ ní Agége. Mo kó owó tí mo ti fi pamọ́ fún ọdún márùn-ún ní ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa, mo tún yá owó lé e, mo ra pulọ́ọ̀tì kan lẹ́yìn Agége, lápá Àgbádó. Ìṣirò mi ni pé nígbà tí n ó bá fi kọ́ yàrá méjì tán, ọkọ̀ ojú irin á ti máa fọn fèrè lẹ́nu ọ̀nà.

Ọjọ́ tí ọdún náà parí gan-an ni ológun dé. Ní 1985 ìjọba ológun Ọ̀gágun Muhammadu Buhari fagi lé Metroline. Wọ́n ní owó tí Èkó pàdánù lórí rẹ̀ lé ní mílíọ̀nù 78 dọ́là Amẹ́ríkà. Ní tèmi, oorun ni mo pàdánù. Mo ti kọ́ yàrá méjì náà, a sì ti kó wọ inú rẹ̀. Aago mẹ́rin ìdájí ni mo ń jí. Mo ń fẹsẹ̀ rìn dé títì, mo ń wọ mólúè, mo ń sọ̀kalẹ̀, mo tún ń wọ òmíràn. Aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni mo ń wọlé, àwọn ọmọ á ti sùn. Nígbà tí èyí àbúrò fi di ọmọ ọdún mẹ́rin, ó bi ìyá rẹ̀ léèrè pé ta ni bàbá tó máa ń wá kí wọn lọ́jọọjọ́ Sunday. Ẹ̀rín pa gbogbo ilé. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò gbàgbé rẹ̀ di òní.

Ọdún mẹ́wàá ni mo fi ṣe é. Ní 1995 mo ta ilé náà ní iye tí kò tó ohun tí mo ná lé e lórí, mo padà lọ háyà ní Mushin. Rélùwéè tuntun wá dé Àgbádó lóòótọ́. 15 October 2024 ni èrò bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀ ọ́, ọdún mọ́kànlélógójì lẹ́yìn tí mo ra ilẹ̀ mi. Ẹni tó ra ilé náà lọ́wọ́ mi, mo bá a yọ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe rò pé mo wá bú Èkó. Kò sí ẹni tó jókòó síhìn-ín tí kò ní ọmọ, àbúrò tàbí ọmọ àbúrò níbẹ̀. Nígbà tí ìbẹ̀rù àwọn agbébọn wọ àgbègbè Ifẹ́lódùn yìí ní 2025, tí oko tiwa di ohun tí a ń wò lókèèrè, ta ni ó ń tẹ̀ wá láago pé kí a máa bọ̀? Àwọn ọmọ wa ní Èkó ni. Àwọn kan nínú wa lọ, wọ́n sì rí yàrá kan ṣoṣo tí ènìyàn mẹ́fà ń sùn sí, tí onílé sì ń béèrè owó ọdún méjì. Nítorí náà, bí Èkó bá ń ṣe dáadáa lórí ilé àti ọkọ̀, tàbí bí kò bá ṣe dáadáa, ó kàn wá ní Bàbáńlá.

Lọ́dọọdún, ní nǹkan bí oṣù kẹrin sí ìkarùn-ún, àwọn kọmíṣọ́nà Ìpínlẹ̀ Èkó máa ń jókòó níwájú àwọn oníròyìn ní Aláùsá, wọn á máa ka ohun tí wọ́n ti ṣe. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ló ṣáájú gbogbo rẹ̀ nínú ètò tí Gómìnà Babájídé Sanwó-Olú gbé kalẹ̀ nígbà tí ó gorí oyè ní 29 May 2019, ọ̀rọ̀ ilé sì ní ààyè tirẹ̀ nínú ìjíhìn náà. Mo fẹ́ràn àṣà yìí. Ìjọba tó ń jíhìn sàn ju èyí tó ń dákẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń gbọ́ ìwé ìṣirò lẹ́nu akápò lọ́dọọdún mọ̀ pé apá méjì ni ìwé ìṣirò ní. Akápò tó bá ka owó tó wọlé nìkan, tí kò ka owó tó jáde, ẹ kò ní jẹ́ kí ó jókòó.

Ẹ jẹ́ kí a wo ọkọ̀ ojú irin. Iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí èyí tí wọ́n pè ní Blue Line ní 2010. Ní 24 January 2023, Ààrẹ Buhari, ọkùnrin kan náà tí ìjọba rẹ̀ fagi lé Metroline, ló wá ṣí i. Ayé ń yí. Kìlómítà 13 ni, láti Marina dé Mile 2, ibùdókọ̀ márùn-ún. Ṣùgbọ́n 4 September 2023 ni èrò tó wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni Red Line, láti Àgbádó dé Oyíngbò, kìlómítà 27, ibùdókọ̀ mẹ́jọ. Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú ṣí i ní 29 February 2024, èrò wọ̀ ọ́ ní October. Nínú méjèèjì, ó lé ní oṣù méje láàárín ọjọ́ tí wọ́n gé ríbọ́n àti ọjọ́ tí ìyá alákàrà jókòó sínú ọkọ̀. Nínú ìjíhìn ọdọọdún, ọjọ́ ríbọ́n ni a máa ń kà.

Èyí tí mo yìn jù nínú gbogbo iṣẹ́ náà kò tilẹ̀ ní irin nínú. Àjọ LAMATA, tí òfin dá sílẹ̀ ní 2002, ya ojú ọ̀nà sọ́tọ̀ fún bọ́ọ̀sì nìkan láti Mile 12 dé CMS, kìlómítà 22, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ ní 17 March 2008. Nígbà tó di 2015 wọ́n fà á dé Ìkòròdú. Nígbà náà mo ṣì wà ní Èkó. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ bọ́ọ̀sì náà, tí a ń kọjá lára súnkẹrẹ fàkẹrẹ bí ẹni tó ń wò ó nínú sinimá, mo sọ fún ẹni tó jókòó tì mí pé ohun tí mo ń wá láti 1985 nìyí. Kò mọ ohun tí mo ń wí.

Wàyí o, iye owó. Ní iye tí wọ́n kọ́kọ́ kéde fún Blue Line ní 2023, ₦750 ni láti Marina dé Mile 2. Àlọ àti àbọ̀ jẹ́ ₦1,500. Bí ènìyàn bá ṣiṣẹ́ ọjọ́ 22 lóṣù, ₦33,000 nìyẹn. Owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní ọdún náà, ₦30,000 ni! Ìjọba Èkó mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà wọ́n dín owó náà kù sí ìdajì. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ìdajì ₦33,000 jẹ́ ₦16,500, ó sì ṣì lé ní ìdajì owó oṣù náà, bẹ́ẹ̀ ni a kò tíì ka owó dáńfó tàbí kẹ̀kẹ́ láti ẹnu ọ̀nà ilé dé ibùdókọ̀. Ní 2024 òfin sọ owó oṣù náà di ₦70,000, ṣùgbọ́n ẹ mọ ohun tí owó epo ti dà láti May 2023, ẹ sì mọ iye tí a ń gbé iṣu láti ibí dé ọjà Òmù-Àrán nísinsìnyí. Ẹni tó ń gbé lápá Àgbádó tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Marina, owó ọkọ̀ rẹ̀ ni owó ilé rẹ̀ kejì.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Láti 1955 ni ìjọba ti ń wó ilé àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó, tí wọ́n ń kó wọn lọ sí ilé tuntun ní Sùúrùlérè. Ilé náà dára ju èyí tí wọ́n wó lọ, ó ní omi, ó ní iná. Ọ̀mọ̀wé òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris lọ bá àwọn ènìyàn náà sọ̀rọ̀, ó sì kọ ìwé tó jáde ní 1961. Ohun tó bá pàdé ni pé ìyá tó ń tajà ti jìnnà sí oníbàárà rẹ̀, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, ọmọ kò rí ìyá àgbà mọ́ lọ́jọ́ọjọ́. Àwọn kan fi ilé tuntun sílẹ̀, wọ́n padà lọ háyà nínú ìlú. Nínú ìwé ìjọba, ilé wọn ti di kíkà. Nínú ìgbésí ayé wọn, ó di gbèsè.

Mo sọ pé ìwé ìṣirò ní apá méjì. Ilé tí wọ́n kọ́ ni à ń gbọ́. Ilé tí wọ́n wó ńkọ́? Ní July 1990, ìjọba ológun Èkó wó Màrókò láàárín ọjọ́ díẹ̀, nǹkan bí 300,000 ènìyàn ni a sì máa ń dárúkọ pé wọ́n di aláìnílé. Láti ìparí 2016 dé oṣù kẹrin 2017, wọ́n lé àwọn ará Òtòdò-Gbàmẹ̀ kúrò létí ọ̀sà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà wà ní kóòtù. Ẹ fi ilé yẹn sí apá kejì ìwé, kí ẹ wá ṣírò ohun tó kù. Ìjọba Èkó fúnra rẹ̀ ti sọ pé ilé tí ìlú náà ń fẹ́ lé ní mílíọ̀nù mẹ́ta. Ilé 492 ni ó wà nínú Jakande Gardens tí wọ́n ṣí ní Ìgàndò ní 2019. Iṣẹ́ rere ni. Ṣùgbọ́n omi inú ṣágo ni, odò ni a fẹ́ pọn.

Mo wá dé ibi tí ọ̀rọ̀ ti kan ẹgbẹ́ wa. Ní December 2016, nígbà Gómìnà Akínwùmí Àm̀bọ̀dé, ìjọba Èkó gbé ètò kan kalẹ̀ pé ẹni tó bá san ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún owó ilé lè wọ inú rẹ̀, kí ó máa san ìyókù fún ọdún mẹ́wàá, kí ilé náà sì di tirẹ̀. Ètò tó dára ni. Ta ni ó lè wọ̀ ọ́? Ẹni tó ní ìwé owó orí, tó ní owó oṣù tí a lè fojú rí, tí owó tí yóò máa san kò sì ju nǹkan bí ìdá mẹ́ta owó tó ń wọlé fún un. Ọmọ wa tó jẹ́ tísà lè dé ibẹ̀. Ọmọ wa tó jẹ́ télọ̀ ní Agége, tó ń rí owó jù tísà lọ, kò lè dé ibẹ̀, nítorí kò sí ìwé tó jẹ́rìí rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni owó háyà. Òfin ayálégbé Èkó ti 2011 sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gbà ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun. Ẹ bi àwọn ọmọ yín bóyá onílé wọn ti ka òfin náà.

Àlàfo tó wà níbẹ̀ yẹn, àwa ni ó yẹ kí a dí i. Kí ni ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ mọ̀ ọ́n ṣe láti ìgbà tí òfin àkọ́kọ́ ti dá wa mọ̀ ní 1935? A mọ ènìyàn tí kò ní ìwé. A mọ bàbá rẹ̀, a mọ̀ bóyá ó ń san gbèsè.

Ní orílẹ̀-èdè Uruguay, lọ́hùn-ún ní Gúúsù Amẹ́ríkà, wọ́n ṣe òfin ilé ní 1968 tí ó jẹ́ kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ gba owó lọ́wọ́ ìjọba fi kọ́ ilé. Ìdílé kọ̀ọ̀kan ń fi wákàtí 21 ṣiṣẹ́ lọ́sẹ̀ níbi ilé kíkọ́ náà, wọ́n ń pò, wọ́n ń gbé búlọ́ọ̀kù, iṣẹ́ wọn yẹn sì ni owó àsansílẹ̀ wọn. Ilé jẹ́ ti ẹgbẹ́. Ìdílé ní ẹ̀tọ́ láti gbé inú rẹ̀ àti láti fi lé ọmọ lọ́wọ́, ṣùgbọ́n kò lè tà á lọ́jà fún alájàpá ilẹ̀. Àpapọ̀ wọn, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1970, la ìjọba ológun já, ó sì wà títí di òní. Ọ̀wẹ̀ ni, ẹ̀yin ará mi. Bàbá wa mọ ọ̀wẹ̀ kí òyìnbó tó dé, kò sì sí ẹni tó kọ́lé ní Bàbáńlá yìí láyé àtijọ́ tí kò be ọ̀wẹ̀.

N kò sọ pé kí a lọ be ọ̀wẹ̀ ní Èkó lọ́la. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín ni pé kí a má tíì fọwọ́ sí àbá ilẹ̀ yẹn. Dípò rẹ̀, kí a ya apá kan owó náà sọ́tọ̀ fún ẹ̀yáwó ilé: kí ọmọ ẹgbẹ́ lè yá owó lórí ìpín rẹ̀, pẹ̀lú onígbọ̀wọ́ méjì, láti fi san owó háyà ọmọ rẹ̀ tàbí owó àsansílẹ̀ ilé, kí ọmọ náà sì ti wọ ẹgbẹ́ àjẹṣẹ́kù kan níbi iṣẹ́ tàbí ní ọjà rẹ̀ kí a tó fún un ní kọ́bọ̀. Owó yóò máa yí lọ, yóò máa padà. Ilẹ̀ kì í padà. Bí a bá fi agídí ra a, Òfin Ilẹ̀ ti 1978 ń bẹ níbẹ̀, àwọn ọmọ onílẹ̀ ń bẹ níbẹ̀, a ó sì máa san owó ọkọ̀ láti Kwara lọ jẹ́rìí ní kóòtù.

Àwọn kan yóò sọ pé ilẹ̀ ń gbówó lórí, pé ẹ̀yáwó kì í gbówó lórí. Òtítọ́ ni. Tèmi náà gbówó lórí, ṣùgbọ́n ọwọ́ ẹlòmíràn ni ó ti gbówó. Bí ilé bá sọ pé ilẹ̀ dandan ni, mo fara mọ́ ọn lórí ohun kan: kí àwọn mẹ́ta nínú wa, tí ọ̀kan nínú wọn jẹ́ obìnrin tó ń tajà, lọ sùn níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí wọ́n jí ní ìdájí, kí wọ́n ti orí ilẹ̀ náà lọ sí ibùdókọ̀, kí wọ́n wọ ọkọ̀ lọ sí ibi tí àwọn ọmọ wa ti ń ṣiṣẹ́, kí wọ́n padà. Kí wọ́n kọ wákàtí àti owó sílẹ̀ lójoojúmọ́. Kí awọnlẹ̀ àti lọ́yà tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á wo ìwé. Iye owó ọ̀sẹ̀ kan yẹn kéré sí ohun tí a lè sọnù.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ bẹ̀ wá ni pé kí a fi ara wa ṣe àpẹẹrẹ. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ìpàdé ọdọọdún wa, kí akọ̀wé ka ohun tí a sọ lọ́dún tó kọjá pé a ó ṣe, lẹ́yìn náà kí ó ka ohun tó ti di ṣíṣe, àti ẹni tó jẹ àǹfààní rẹ̀. Ilé ìkó-ọjà tí a ṣí lọ́jọ́sí, tí a pa ẹran, tí a ya fọ́tò, mo béèrè lọ́wọ́ olùtọ́jú rẹ̀ láàárọ̀ yìí pé àpò àgbàdo mélòó ló wà nínú rẹ̀. Ẹ bá mi bi í bí ẹ bá rí i nídìí oúnjẹ.

Mo ti gbé ìwé kan lé akọ̀wé lọ́wọ́. Kí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kọ iye ọmọ ẹgbẹ́ tó ní ọmọ ní Èkó síbẹ̀, iye tí wọ́n ń san fún háyà, àti iye tí ọkọ̀ ń gbà lọ́wọ́ wọn lóṣù. Kí a dá a padà kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó pé, kí a tó dìbò. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, mo wà níhìn-ín.